Hítà Péjò 504: Òòbẹ̀ Ni Kí A Fi Rọ́pò Àdán, Kì Í Ṣe Aláǹgbá

  Àwọn bàbá wa ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, gbogbo wa la sì máa ń pa á nígbà tí nǹkan bá wọ́n. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìdajì rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Òòbẹ̀ tí wọ́n dárúkọ yẹn, ìbátan àdán ni. Ó ní apá ìfò bí i tirẹ̀, òru ni ó ń jáde bí i tirẹ̀. Àwọn àgbà kò sọ pé bí a kò bá rí àdán, kí a mú aláǹgbá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò lónìí, pàápàá jù lọ hítà inú Péjò 504 àtijọ́, àti àwọn ẹ̀yà ìgbàlódé tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀ bí ó bá ti bàjẹ́. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì?" Ó kàn wá dáadáa. Nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí, a rí ẹni tí bàbá rẹ̀ fi Péjò san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. A rí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń fi wágùn kó èrò. A sì rí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú kíláàsì, tí wọn yóò di ẹni tí ará ìlú ń bi léèrè lọ́la.

Bí ibì kan bá wà tó yẹ kí a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, Kàdúná níbí ni. Ní ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1969 ni wọ́n sì yàn án ní ọkọ̀ tó gbégbá orókè ní Yúróòpù. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Nígbà tí àwọn ará Faransé fi dáwọ́ ṣíṣe 504 sàlúùnù dúró ní ọdún 1983, níbí wọ́n ṣì ń tò ó títí tí ọdún 2000 fi kọjá. Òun ló gbé dókítà, òun ló gbé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òun náà ló gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Lónìí kò pọ̀ lójú títì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Àwọn tó ṣẹ́kù ti dàgbà, ẹ̀yà ara wọn sì ń ṣàárẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hítà wà lára àwọn ẹ̀yà tó ń ṣàárẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni hítà yìí gan-an? Rédíétọ̀ kékeré kan ni, tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Rọ́bà méjì ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ń gba inú rọ́bà kan wọlé, ó ń rìn nínú àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń gba inú rọ́bà kejì padà. Fáànù a wá fẹ́ atẹ́gùn gba àárín àwọn páìpù náà kọjá, atẹ́gùn náà a móoru, a sì jáde síbi ẹsẹ̀ àti síbi gíláàsì iwájú. Kò ní epo tirẹ̀ tó ń jó. Nínú gbogbo agbára tó wà nínú bẹntiróòlù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ń di iṣẹ́ tí ọkọ̀ fi ń rìn. Ìyókù ń di ooru tó ń gba sàlẹ́ńsà àti rédíétọ̀ jáde lọ. Inú ooru tí à bá dà nù yẹn ni hítà ti ń bù lò.

Bí ó bá ti ń jò, àmì rẹ̀ kì í fara sin. Kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ a máa tutù láìjẹ́ pé òjò rọ̀. Omi rédíétọ̀ a máa dín kù, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ ọkọ̀ gbẹ. Bí ó bá jẹ́ kúláǹtì ni wọ́n ń lò, òórùn dídùn kan a máa gba inú ọkọ̀, ohun kan tó ń yọ̀ bí òróró a sì máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ má fi òórùn dídùn yẹn ṣeré o. Májèlé ni fún ẹni tó bá gbé e mì.

Kí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń ṣe sí i? Wọn a yọ rọ́bà méjèèjì kúrò lára hítà, wọn a fi páìpù kékeré kan so wọ́n pọ̀ lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, wọn a ní, "Ọ̀gá, ó ti parí." Òótọ́ ni pé jíjò ti dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀, ọgbọ́n tó ń gbé ènìyàn délé ni, a kò bẹnu àtẹ́ lù ú. A tilẹ̀ fara mọ́ ọn ju kí wọ́n fi igi dí ẹnu rọ́bà méjèèjì lọ, nítorí pé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀nà hítà yẹn ni omi ń gbà yí ká nígbà tí tẹmọ́sítáàtì bá ṣì wà ní títì. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí wọ́n pe ìyẹn ní àtúnṣe. Ẹni tí eyín ń dùn tí wọ́n yọ eyín rẹ̀, wọn kò wo eyín náà sàn. Yíyọ ni wọ́n yọ ọ́.

Wọ́n á ní, "Ta ló ń fi hítà ṣe ní Nàìjíríà tí oòrùn ń pa wá?" Kí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ wá bá wa gba ọ̀nà Jọ́ọ̀sì ní ìdájí oṣù Kejìlá. Ìlú Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ nígbà ọyẹ́ sì lè mú kí òṣùwọ̀n Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì sún mọ́ 10. Ọwọ́ awakọ̀ tó ti gan kò lè tètè yí sítíárì. Ti ìgbà òjò tún wá le ju ìyẹn lọ. Èrò méje á ti fèrèsé pa, wọn á máa mí, kúrukúru á sì bo gíláàsì iwájú látinú. Awakọ̀ á máa fi ọwọ́ kan nu gíláàsì, á máa fi ọwọ́ kejì wakọ̀, tírélà á sì máa bọ̀ níwájú. Atẹ́gùn gbígbóná láti inú hítà ló ń gbẹ kúrukúru yẹn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àǹfààní mìíràn wà tí ará Èkó àti ará Ìbàdàn pàápàá yóò jẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ gbóná jù nínú gó-sílóò tàbí níbi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè, kí awakọ̀ ṣí hítà pátápátá, kí ó sì tan fáànù rẹ̀. Ara èrò yóò gbóná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n hítà yóò máa gba díẹ̀ nínú ooru ẹ́ńjìnnì kúrò, ó sì lè gba ọkọ̀ sílẹ̀ títí tí awakọ̀ yóò fi rí ibi páàkì. Rédíétọ̀ kejì ni. Ẹni tó ti gé e kúrò ti ta agbòjò rẹ̀ kí òjò tó rọ̀.

Àwọn kan tún wà ní òdìkejì. Àwọn wọ̀nyí ń sọ pé bí kò bá jẹ́ ojúlówó, àwọn kò ní fi sí ọkọ̀ àwọn. A bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní ọdún 1986, owó ojúlówó fò sókè, ọjà sì kún fún ayédèrú tí àwọn ènìyàn ń pè ní "Taiwan". Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n níbo ni ojúlówó hítà 504 tó jẹ́ tuntun wà lónìí? Èyí tí ẹ máa rí lọ́jà lọ́pọ̀ ìgbà, inú ọkọ̀ mìíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti tú u. Orúkọ rẹ̀ ni ojúlówó, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí òun àti èyí tó jò dọ́gba, ìdípẹtà tó jẹ èyí tí ẹ yọ sì lè ti máa jẹ òun náà. Kí a tú odidi dáṣíbọọ̀dù láti yọ arúgbó, kí a sì fi arúgbó mìíràn síbẹ̀, ṣé ọgbọ́n ni?

Ohun tí àwa ń sọ nìyí: kò sí ohun tó burú nínú kí a fi ẹ̀yà ìgbàlódé rọ́pò hítà àtijọ́, bí ó bá ṣe pé ìbátan rẹ̀ ni ní tòótọ́, tí àwa náà sì ṣe tán láti yí bí a ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ padà. "Ó wọlé" nìkan kò tó. Bàtà lè wọ ẹsẹ̀, kí ó sì tún máa bó o.

Báwo la ṣe ń mọ ìbátan? Ìwọ̀n ni. Kí a tó lọ sí ọjà, ìbáà ṣe Panteka ní Kàdúná níbí, ìbáà ṣe Àràrómi ní Géètì Ìbàdàn, ìbáà ṣe Ládípọ̀ ní Èkó, kí a ti fi rúlà wọn èyí tó bàjẹ́: gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀. Kí a sì tún mú un dání lọ. Kí a wo ibi tí ẹnu páìpù méjèèjì kọjú sí, bóyá ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n wà tàbí wọ́n dojú kọ ara wọn. Kí a wọn ẹnu páìpù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rọ́bà hítà máa ń jẹ́ mílímítà 16 tàbí 19. Bí páìpù tuntun bá tín-ín-rín ju ti àtijọ́ lọ, omi kò ní ráàyè kọjá bó ṣe yẹ. Bí ó bá sì tóbi jù, ẹni tó bá fi tipátipá ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lè fa rọ́bà náà ya.

Ohun kékeré kan tún wà tó lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Bí rédíétọ̀ tuntun bá kéré ju àpótí lọ, àlàfo tó yí i ká ni atẹ́gùn yóò gbà. Atẹ́gùn kì í wá wàhálà, ibi tó bá rọrùn ló ń gbà. Kí a fi fóòmù dí àlàfo náà yí ká, kí ó lè di dandan fún atẹ́gùn láti gba àárín páìpù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, hítà tuntun yóò wà níbẹ̀, òtútù ni yóò sì máa fẹ́.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ó kan irin. Bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ hítà àtijọ́, òjé ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ti òde òní, orí ike sì ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Bàbà ń gba ooru kọjá ju alumíníọ̀mù lọ, ó ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàbà wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Wọ́n tún ń ṣe páìpù alumíníọ̀mù ní pẹrẹsẹ, pẹ̀lú àwọn ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó sún mọ́ra, débi pé ti òde òní tó kéré lè ṣe iṣẹ́ ti àtijọ́ tó tóbi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé alumíníọ̀mù kì í ṣe irin gidi. Irin gidi ni. Ìwà rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ibi tí ìwà yẹn ti yàtọ̀ gan-an ni a fẹ́ kí ẹ fetí sí. Hítà bàbà lè jò lónìí, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíétọ̀ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n fi òjé dí i, kí ó sì tún wúlò fún ìgbà díẹ̀ sí i. Iná àti òjé wọn kò ran alumíníọ̀mù olórí ike. Bí ó bá ti lu, ìpààrọ̀ ni. Èkejì, ọ̀pọ̀ wa ló ń bu omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀. Iyọ̀ àti èròjà mìíràn wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Bàbà ń fara dà á díẹ̀; alumíníọ̀mù kò ní irú ìfaradà yẹn. Bí bàbà àti alumíníọ̀mù bá tún jọ wà nínú omi kan náà tí kò ní oògùn ìdípẹtà, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ. Ìdí nìyí tí kúláǹtì fi di dandan, èyí tí a fi omi tí kò ní iyọ̀ pò, tí a sì ń pààrọ̀ ní àkókò tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, kí omi má baà di yìnyín ni àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó. Yìnyín kò kàn wá, ṣùgbọ́n oògùn ìdípẹtà tó wà nínú rẹ̀ kàn wá.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá ra hítà ìgbàlódé, tó sì tún ń bu omi kànga sí i, owó tuntun ló fi ra ìbàjẹ́ àtijọ́. Bí ó bá tún jò, àwọn ènìyàn yóò ní, "Ẹ ò rí i? Ayédèrú ni." Nígbà mìíràn ẹ̀yà náà kò jẹ̀bi rárá, omi tí a bù fún un mu ló jẹ̀bi. Bí a bá pààrọ̀ ẹ̀yà, dandan ni kí a pààrọ̀ ìwà.

Ohun kan tún ṣẹ́kù tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé, òun ni ìdérí rédíétọ̀. Ìdérí yẹn kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán. Ó ń sé agbára omi gbígbóná mọ́lẹ̀ kí omi má baà tètè hó. Omi lásán ń hó ní 100 létí òkun. Lórí òkè Jọ́ọ̀sì, nǹkan bí 96 ni. Ìdérí tó bá ń sé agbára tó tó nǹkan bí 15 lórí gééjì fọ́kánáísà ń jẹ́ kí omi tó wà létí òkun dé nǹkan bí 120 kí ó tó hó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ kan bá lọ mú ìdérí ọkọ̀ òde òní tó lágbára jù fún 504 rẹ̀, tí hítà àtijọ́ sì ṣì wà níbẹ̀, agbára yẹn yóò wá ibi tó rẹ̀ jù lọ bẹ́. Ibi tó rẹ̀ jù lọ yẹn lè jẹ́ hítà, tó wà nítòsí orúnkún ènìyàn. Omi tó gbóná bí èyí tí a fi ń ro àmàlà ni yóò dà sórí ẹsẹ̀ awakọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí eré. Nítorí náà, ìdérí tí ìwé ọkọ̀ ní kí a lò ni kí a lò.

Kí a tó gbé hítà tuntun wọ inú àpótí, kí a dán an wò. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Kí a dí ẹnu páìpù kan, kí a fi rọ́bà so ẹnu kejì mọ́ ẹ̀rọ fọ́kánáísà, kí a rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó má ju 15 lórí gééjì lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì èyí tí à ń fẹ́ sínú táyà. Kí a wá tì í bọ inú omi, gan-an bí fọ́kánáísà ti máa ń ti túùbù bọ omi. Bí omi bá ń hó gúlúgúlú níbì kan, kí a dá hítà náà padà fún ẹni tó tà á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń gbà. Títú dáṣíbọọ̀dù lẹ́ẹ̀kejì lè gba odidi ọjọ́ kan.

Àwọn oníṣòwò kan yóò tún fi hítà oníná kékeré lọ̀ yín, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò tí a fi ń tan sìgá nínú ọkọ̀. Ẹ fi ìṣirò dá wọn lóhùn. Èyí tó bá jẹ́ wáàtì 150 ń fa ju áḿpíà 12 lọ láti inú bátìrì, bẹ́ẹ̀ ni hítà olómi tó péye lè mú ooru tó kílówáàtì mẹ́rin tàbí márùn-ún wá láti inú ooru àdànù. Ìyẹn ju ìlọ́po ogún lọ. Hítà oníná yẹn ni aláǹgbá tí à ń sọ. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n kò lè fò.

A mọ ohun tí àwọn awakọ̀ wa máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ kò mọ̀ pé owó kò sí." A mọ̀. Nítorí pé owó kò sí gan-an la ṣe ń sọ̀rọ̀. Nínú iṣẹ́ hítà, títú dáṣíbọọ̀dù àti títò ó padà ló ń gba àkókò jù, ẹni tó bá sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì yóò sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Tálákà kò lágbára àtiṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí owó kò bá sí lónìí, kí wọ́n so rọ́bà pọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pé wọ́n so ó pọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́la mọ ohun tó ń rà. Kí mẹkáníìkì náà sọ ọ́ bó ṣe rí: "Mo dá jíjò dúró, n kò tíì tún hítà ṣe." Òótọ́ kò ní kí a san owó kankan.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́gbà yìí ni pé kí ẹ gbé rúlà àti ìwé, kí ẹ lọ bá àwọn mẹkáníìkì ìtòsí wa. Ẹ wọn hítà 504 tí wọ́n bá yọ, ẹ kọ gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti ẹnu páìpù rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀yà ìgbàlódé tó bá a mu, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ irú omi tó yẹ kó máa mu. Ẹ kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí ẹ bẹ àwọn ọ̀rẹ́ wa kí wọ́n bá wa kọ ọ́ ní èdè Hausa, nítorí àwọn ará ilẹ̀ yìí ló gbà wá lálejò, ọ̀nà kan náà la sì jọ ń rìn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ̀kọ́ tí kò bá kúrò nínú kíláàsì kò tíì di ìmọ̀.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ lẹ ń kọ́, iṣẹ́ tiyín ni pé bí ẹ bá ń lọ sílé fún ìsinmi, kí ẹ tó jókòó sínú ọkọ̀, ẹ bi awakọ̀ léèrè bóyá hítà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn èrò bá ń béèrè, àwọn awakọ̀ yóò mọ̀ pé ó jọ wá lójú. Ọyẹ́ yóò lọ, òjò yóò dé, kúrukúru yóò sì tún wá sójú gíláàsì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí awakọ̀ wa máa rí ọ̀nà. Ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́ o.